Èédú Màámi àti Ajílẹ̀ Ọláṣùpọ̀

Ìkòsì, Kétu, Èkó
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kìn-ín-ní, 2024

Hidayat ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá ọ gbé. O kú òtútù, o kú iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè. Àwa náà wà níbí. Ọyẹ́ mú lọ́dún yìí, ètè mi bó, ṣùgbọ́n ara le. Bátìrì ẹ̀rọ etí tí o fi ránṣẹ́ dé ọwọ́ mi, mo ti fi sí i. Mo ń gbọ́ ariwo mọ́tò báyìí, ọ̀rọ̀ ènìyàn ni kò tíì já geere sí mi létí. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ràn fóònù. Lẹ́tà ló yé mi. Loveth tó ń tẹ ìwé fún ènìyàn nísàlẹ̀ ilé wa ni yóò ya fọ́tò èyí ránṣẹ́ sí ọ. Tìrẹ náà tó bá dé, yóò tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi bó ti máa ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan wà. Mo ti fi ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ háyà. Láti ìgbà tó ti lọ ni ilẹ̀kùn náà ti wà ní títì, àwọn ènìyàn sì ń da ìdọ̀tí sẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀. Ẹni tó gbà á ń jẹ́ Ọláṣùpọ̀. Ọmọlúàbí ni. Ajílẹ̀ ló ń tà, irú èyí tó funfun bí iyọ̀, fún àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ àti tòmátì. Àwọn ará Àgbóyì ń fi ọkọ̀ ojú omi wá rà á. Àwọn àgbẹ̀ tó bá kó ẹrù wá sí ọjà Mile 12 náà ń rà á padà lọ sí oko.

Bó ṣe ń kó ẹrù rẹ̀ wọlé, ó bi mí pé, "Bàbá, èédú Màámi ńkọ́? Ibo ni ká kó o sí?" Mo ní kó fi sílẹ̀ níbi tó wà. Nítorí náà àwọn àpò èédú ìyá rẹ ṣì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bó ṣe tò wọ́n. Dúrọ́ọ̀mù kẹrosíìnì tó ń tà náà wà níbẹ̀. Ọláṣùpọ̀ wá to tirẹ̀ yí wọn ká. Èmi ò wọlé. Ìta ni mo dúró sí tí mo ti fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Àwòrán kan wà lára àpò ajílẹ̀ náà, iná tó ń jó lórí òrùka. Mo rò pé àmì ilé iṣẹ́ wọn ni. Ó dára lójú.

Tó o bá rí ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, bá mi rà á. Ẹsẹ̀ mi ń tutù.

Bàbá rẹ,
Sùrájù Akínbíyì


Spalding, England
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kìn-ín-ní, 2024

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ọyẹ́. Ara mi le. Mo máa ń jí, mo máa ń lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń padà, mo máa ń sùn. Bó ṣe rí náà nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibì kan jókòó sí kí ẹ ka èyí. Àwòrán iná tó ń jó lórí òrùka yẹn kì í ṣe àmì ilé iṣẹ́. Mo ń rí i lójoojúmọ́. Ẹ mọ̀ pé ilé ẹrù tí wọ́n ti ń ta nǹkan oko ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Irú àpò bẹ́ẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa, ó ní yàrá tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ohun tí àwòrán náà ń sọ ni pé ẹrù yìí máa ń ran iná lọ́wọ́. Ajílẹ̀ náà fúnra rẹ̀ kì í jó bí igi ti ń jó. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé iná tí kò bá rí afẹ́fẹ́, kíkú ló ń kú. Ajílẹ̀ yìí gbé afẹ́fẹ́ tirẹ̀ sínú. Tí iná bá dé ìdí rẹ̀, òun ni yóò máa fún iná ní èémí. Tí ẹ bá da iyanrìn bò ó, abẹ́ iyanrìn yẹn náà ni yóò ti máa jó lọ. Omi ló ń pa á, omi tó pọ̀, kí ẹni tó ń dà á sì dúró lókèèrè.

Torí ẹ̀ la kì í fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó lè jó: epo, èédú, pákó, páálí, koríko gbígbẹ. A kì í gbé jẹnẹrétọ̀ sítòsí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í mu sìgá níbẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́, kó gbẹ, kí afẹ́fẹ́ sì máa wọlé. Bàbá, nínú gbogbo ohun tó wà láyé, èédú àti kẹrosíìnì lẹ lọ kó pọ̀ mọ́ ọn.

Kí ló dé tí ẹ ò bi mí kẹ́ ẹ tó fi ṣọ́ọ̀bù náà háyà? Èmi nìkan lẹ bí. Ẹ bá mi kó èédú Màámi jáde. Tí ẹ ò bá lè kó o, ẹ ní kí Ọláṣùpọ̀ wá ibòmíràn. Kí ọ̀kan kúrò fún ìkejì. Òkè ṣọ́ọ̀bù yẹn lẹ̀ ń sùn.

Mo ti ra ìbọ̀sẹ̀ náà.

Ọmọ yín,
Hidayat


Ìkòsì, Kétu, Èkó
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kejì, 2024

Hidayat,

O kú iṣẹ́. Lẹ́tà rẹ dé, mo ti kà á.

Ìwọ tí o kò sí níbi tí a ti sin ìyá rẹ, tí o kò dé fún fídáù ọjọ́ kẹjọ, tí ogójì ọjọ́ tún kọjá tá ò rí ẹsẹ̀ rẹ, ìwọ ló ń sọ fún mi pé kí n kó ẹrù rẹ̀ sóde. Mi ò bá ọ jà. Mo mọ̀ pé wọn ò tíì fún ọ ní ìwé tí o lè fi jáde kí o tún padà wọlé. Mo kàn ń sọ ọ́ ni.

Ìyá rẹ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán ẹnu àpò èédú wọ̀nyẹn. Abẹ́rẹ́ ńlá ló fi ń rán an, pẹ̀lú okùn ọ̀rá aláwọ̀ ewé, á ta á ní kókó lẹ́ẹ̀mejì, á fi eyín já a. Mo bá a wí títí lórí eyín yẹn. Kò sí ẹni tó tú ẹyọ kan nínú wọn láti ìgbà náà. Tí wọ́n bá wà níbẹ̀, wọ́n wà níbẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe lè là á yé ọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo pe Ọláṣùpọ̀. Mo ní, "Ọmọ mi ní ẹrù rẹ léwu."

Ó wò mí. Ó ní, "Bàbá, mo sọ fún yín lọ́jọ́ tí mò ń kó o wọlé. Mo tún sọ nígbà tá a pàdé lẹ́nu mọ́sálásí. Ẹ ò dá mi lóhùn."

Mo ní etí mi kò dára.

Ó sún mọ́ mi, ó gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín kó èédú yẹn sí àgbàlá. Mi ò ní tú ẹyọ kan. Bí Màámi ṣe tò ó náà ni mo máa tò ó."

Mo ní rárá, òjò máa pa á.

Ó ní, "A máa da tapólì bò ó."

Mo ní rárá.

Ó ní, "Ó dáa, sà." Ó lọ.

Àwọn ará Àgbóyì ń fi ọwọ́ lásán bu ajílẹ̀ yìí sínú garawa, mi ò tíì rí ẹni tó jóná nínú wọn. Tọ́jú ara rẹ níbẹ̀. Èyí tó wà níbí, mò ń bójú tó o.

Bàbá rẹ,
Sùrájù Akínbíyì


Spalding, England
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ààwẹ̀. Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe é nínú àlàáfíà.

Ohun tí ẹ sọ nípa ìsìnkú, mo gbọ́. Lọ́jọ́ tí Loveth pè mí pé Màámi ti lọ, àpò ni mò ń tò. Mo fi fóònù sínú aṣọ, mo to àpò tó kù. Nígbà tí mo ṣe tán, Judith, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wa, wá wò ó, ó ní iṣẹ́ mi gún régé lọ́jọ́ náà. Mo ní ẹ ṣé. Mi ò tíì sunkún títí di òní. Nígbà míì mo máa ń jókòó dè é bí ẹni tó ń de bọ́ọ̀sì, kì í wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ wa fún yín. Ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù fi irin gún àpò ajílẹ̀ kan, ó ya, ó dà sílẹ̀. Ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sáré lọ bu ìyẹ̀fun pákó, èyí tí a fi ń fa epo tó bá dà sílẹ̀, ó fẹ́ wọ́n ọn lé e lórí. Judith kígbe mọ́ ọn. Mi ò gbọ́ igbe rẹ̀ rí. Ó ní ká pa ọkọ̀, ká jáde, gbogbo wa. Lẹ́yìn náà ó pè mí padà, ó fún mi ní ṣọ́bìrì ọ̀rá tó mọ́, ó ní kí n rọra kó o sínú ike tó mọ́, tó gbẹ. A ò dá a padà sínú àpò, torí ó ti kó ìdọ̀tí ilẹ̀ mọ́ra. Ìbọ̀wọ́ tí epo ti kàn rí, a ò fi í kàn án. Ìgbálẹ̀ tí mo fi gbá èyí tó kù, a fi omi fọ̀ ọ́. Aṣọ iṣẹ́ mi náà, ó ní kí n bọ́ ọ kí n tó lọ yáná, torí eruku rẹ̀ ti wọ inú òwú aṣọ, tí iná bá sì ta sí irú aṣọ bẹ́ẹ̀, kò ní ṣeé pa.

Mo bi í pé, "Nítorí àpò kan?"

Ó ní, "Àpò kan náà ló máa ń jẹ́ níbẹ̀rẹ̀."

Mò ń gbálẹ̀ níbẹ̀, ìgbálẹ̀ Màámi ni mò ń rí. Ẹ mọ bí ilẹ̀ ibi tó ń jókòó sí ṣe máa ń dúdú. Eruku èédú yẹn ṣì wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, àbí? Ṣé àpò Ọláṣùpọ̀ kankan ti ya? Ṣé dúrọ́ọ̀mù yẹn ń jò? Ẹ wọlé lọ wò ó fún mi. Mi ò ní kẹ́ ẹ kó nǹkan kan. Ẹ kàn wò ó.

Ọmọ yín,
Hidayat


Spalding, England
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó parí, a ṣọdún, mi ò rí ìwé yín.

Mo pe Loveth. Ó ní òun fún yín ní lẹ́tà mi lọ́wọ́, ẹ kà á tán lórí ìdúró, ẹ ká a, ẹ ní "Ó ti yé mi," ẹ lọ. Mo ní kó fún mi ní nọ́ńbà Ọláṣùpọ̀. Ó ní ẹ ti kìlọ̀ fún òun pé òun ò gbọdọ̀ fún mi.

Ṣé inú ń bí yín sí mi ni? Tó bá jẹ́ ìbínú ni, ẹ bú mi, mo máa gbà á. Èyí tí ẹ ń ṣe yìí ni mi ò mọ bí mo ṣe máa gbà á. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan péré. Tó bá jẹ́ rárá ni, ẹ kọ rárá.

Hidayat


Ìkòsì, Kétu, Èkó
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin, 2024

Hidayat ọmọ mi,

Má jáyà. Èmi wà láàyè. Ọláṣùpọ̀ wà láàyè, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló bó. Ilé kò wó. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ ti jó.

Lánàá ni, lẹ́yìn ìrun Aláásárì. Mo jókòó sí fàráńdà òkè. Kàmọ́rù wẹ́dà, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ń jó irin gééètì kan pọ̀, ẹ̀ta iná ń fò káàkiri bó ṣe máa ń fò. Ọ̀kan gba abẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọ ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ gan-an ni eruku èédú pọ̀ sí, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé àpò ajílẹ̀ kan ti ya síbẹ̀, ó ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Èmi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo kàn rí i pé abẹ́ ilẹ̀kùn tàn, ó funfun, ó mọ́lẹ̀ ju iná tí mo mọ̀ lọ. Lẹ́yìn náà èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ó pọ́n bí irin tó dípẹtà.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Àwọn aládùúgbò ti ń da iyanrìn sí i. Kàmọ́rù fúnra rẹ̀ ń fi ṣọ́bìrì kó iyanrìn lọ́wọ́ méjèèjì, ojú rẹ̀ ti fẹ́ yọ síta. Iyanrìn náà ń hó, iná ń ti abẹ́ rẹ̀ yọ. Ọláṣùpọ̀ wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Dúrọ́ọ̀mù kẹrosíìnì ìyá rẹ ló ń fà kúrò nídìí iná.

Ohun tí o kọ sí mi wá sí mi lọ́kàn. Mo pariwo pé, "Ẹ fi iyanrìn sílẹ̀! Omi! Omi ni kẹ́ ẹ bù wá, kó pọ̀!" Wọn ò gbọ́. Èmi náà ò gbọ́ ara mi. Loveth ló wo ẹnu mi. Ó sáré lọ ṣí táǹkì omi ilé, ó fa họ́ọ̀sì wá, ó ń pariwo tirẹ̀ pé, "Bàbá ní omi! Bàbá ní omi!"

Èmi wá wọlé lọ. Mo di Ọláṣùpọ̀ ní ẹ̀wù mú látẹ̀yìn. Mo ní, "Fi í sílẹ̀, ká lọ."

Ó ní, "Bàbá, tí eléyìí bá gbiná, gbogbo àdúgbò ni."

Mo ní, "Èmi ni mo ni ín. Fi í sílẹ̀."

Kò fi í sílẹ̀. Ni mo bá bá a fà á. Ó wúwo. A yí i gba ẹnu ọ̀nà iwájú, àwọn ènìyàn gbà á lọ́wọ́ wa, wọ́n yí i lọ jìnnà.

Omi ló pa iná náà nígbẹ̀yìn. Nígbà tí àwọn panápaná dé, wọ́n tún da omi lé e fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀gá wọn ní ká máa dúpẹ́.

Mo rí èédú náà. Àwọn kan jó, àwọn kan rin gbingbin. Okùn aláwọ̀ ewé yẹn ti yọ́ sára àpò. Mo dúró síbẹ̀, mò ń wò ó. Mo rò pé yóò dùn mí. Kò dùn mí. Ó dà bí ètè ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó yọ eyín rẹ̀. O mọ̀ pé ètè wà níbẹ̀, o tún fi ọwọ́ kàn án.

Ọ̀fun ń yún mi díẹ̀. Wọ́n ní kí n mu epo pupa, mo ti mu ún. Má dààmú.

Bàbá rẹ,
Sùrájù


Spalding, England
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin, 2024

Bàbá mi,

Ẹ lọ sí ọsibítù báyìí. Kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ wọ bàtà.

Èéfín tó pọ́n yẹn ni mò ń sọ. Ó máa ń wọ àyà ènìyàn, kó dà bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan ju kí ọ̀fun máa yúnni, tó bá wá di ọjọ́ kejì, omi á kún inú ẹ̀dọ̀fóró, ẹni náà ò ní rí èémí mí. Wọ́n kọ́ wa níbí pé ẹni tó bá fa irú èéfín yìí kò gbọdọ̀ lọ sùn nílé, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ le. Epo pupa ò lè ṣe nǹkan kan sí i. Ẹ sọ fún dókítà pé èéfín ajílẹ̀ nítíréètì ni. Ẹ fi orúkọ tó wà lára àpò hàn án. Ẹ mú Ọláṣùpọ̀ dání.

Mo ti pe Loveth. Ó máa dúró tì yín títí ẹ ó fi kà á tán, á sì bá yín lọ.

Àwọn àpò tó ṣẹ́ kù, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sá wọn sóòrùn, kí wọ́n má tún un tà, kí wọ́n má sun ún, kí wọ́n má sì gbá a sí gọ́tà tó ń ṣàn lọ sódò Àgbóyì. Èyí tó bá ti kan èédú tàbí kẹrosíìnì ti di ohun mìíràn. Kí Ọláṣùpọ̀ pe ẹni tó tà á fún un, kí àwọn panápaná sọ bí wọ́n ṣe máa kó o.

Ẹ má dá mi lóhùn. Ẹ lọ.

Hidayat


Ìkòsì, Kétu
Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹrin, 2024

Aunty Hidayat,

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ma. Èmi Loveth ni mò ń kọ èyí fúnra mi. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù torí mo máa ń sunkún tí mo bá ń sọ ọ́, ẹ ò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹ má wo Yorùbá mi, ilé ìwé Kétu ni mo ti kọ́ ọ.

Bàbá ní àwọn ò lọ. Wọ́n ní ara àwọn le. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Bàbá, mi ò ní kúrò." Wọ́n ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n wá wọ bàtà. Ọláṣùpọ̀ bá wa lọ pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n ti dì. Ìgbà tá a dé gééètì ọsibítù ni Bàbá dúró. Mo rò pé wọ́n fẹ́ padà ni. Àṣé èémí ò wá mọ́. Wọ́n di irin gééètì mú, ètè wọn dúdú. Nọ́ọ̀sì sáré ti àga onítáyà wá, wọ́n fi ọ́síjìn sí wọn nímú. Dókítà ní ká ní ilé ni wọ́n tún sùn lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ míì là bá máa sọ báyìí.

Wọ́n ṣì wà lórí ọ́síjìn. Wọ́n ń ṣí ojú, wọ́n ń mọ ènìyàn. Àyà Ọláṣùpọ̀ mọ́, wọ́n ní kó máa wá tọ́jú ọwọ́ rẹ̀ ni. Àwọn tó ta ajílẹ̀ fún un ti wá pẹ̀lú panápaná, wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù tó kún fún omi, wọ́n gbé e lọ.

Bàbá ní kí n má sọ fún yín. Mo ní ó dáa. Mo ti wá sọ ọ́ báyìí.

Loveth


Spalding, England
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù karùn-ún, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ewu. Mo gbọ́ láti ọ̀dọ̀ Loveth pé wọ́n ti yọ ọ́síjìn náà lánàá, pé ẹ mu ògì, ẹ sì ní kò dùn. Mo ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mẹta.

Judith bi mí ohun tó ń ṣe mí. Mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, bí ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò. Ó dì mọ́ mi. Mo dúró gbagidi. Mi ò mọ ibi tí mo máa fi ọwọ́ mi sí.

Ìwé mi jáde lọ́sẹ̀ yìí. Mo lè wá báyìí, kí n sì padà. Mo ti ń retí rẹ̀ tipẹ́, mo wá dì í mú, mi ò mọ̀ bóyá inú mi dùn. Ilé tí Màámi ò sí, mi ò tíì wọ̀ ọ́ rí. Ẹ sọ fún mi kí n máa bọ̀, n ó máa bọ̀. Tí ẹ bá ní kí n dúró, n ó dúró.

Ọmọ yín,
Hidayat


Ìkòsì, Kétu, Èkó
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, 2024

Hidayat ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́,

Mo kí ọ, mo kí ọ gan-an. Mo ti wà nílé. Àtẹ̀gùn ń yọ mí lẹ́nu, mo máa ń sinmi lágbedeméjì, ṣùgbọ́n mò ń dé òkè.

Ọláṣùpọ̀ wá kí mi. Àwọ̀ tuntun ti ń bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó pọ́n bí ti ọmọ ọwọ́. A jókòó. Ó wá sún mọ́ etí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú sí mi."

Mo ní, "Ìwọ ló yẹ kó o bínú."

Ó ní, "Mo bínú. Lọ́jọ́ tí ẹ ní rárá, mo bínú. Ó yẹ kí n kó ẹrù mi lọ lọ́jọ́ yẹn. Mo rí i bí ojú yín ṣe rí, mi ò lè lọ."

Mo bi í pé báwo ni ojú mi ṣe rí. Ó ní kí n má jẹ́ kí òun sọ ọ́.

Kò ní padà sí ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ti rí ibì kan lẹ́bàá àwọn oko, ilé búlọ́ọ̀kù kan tó dá dúró, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ǹtì, fèrèsé rẹ̀ fẹ̀, kò sí ẹni tó ń sùn nítòsí. Ó ní òun ò ní kó ohunkóhun mìíràn síbẹ̀, àní ìgbálẹ̀ oníkoríko òun ò ní gbé e síbẹ̀. Mo ṣàdúrà fún un. Kàmọ́rù wẹ́dà náà wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní kó dìde, kò mọ ohun tó wà nínú ilé. Èmi ni mo mọ̀.

Wọ́n ti fọ ṣọ́ọ̀bù náà. Ògiri ṣì dúdú dé ìdajì, a ó kùn ún. Lónìí mo gbé àga kan wọ ibẹ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì, mo jókòó. Kò sí ẹyọ nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Atẹ́gùn ń gba iwájú wọlé, ó ń gba ẹ̀yìn jáde.

Obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò ọjà lọ́wọ́. Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì, mo ní kó wọlé, kó sún mọ́ mi, kó sọ ọ́ sókè. Ó wọlé. Ó ní, "Ẹ kú ìjókòó, sà. Mo ti kó lọ sí Ìkòròdú, ó pẹ́ tí mo dé àdúgbò yìí kẹ́yìn. Èédú ni mo fẹ́ rà. Ìyá eléèédú dà?"

Mo ní, "Ó ti kú."

Hidayat, láti ọdún tó kọjá, "ó ti lọ" ni mò ń sọ fún gbogbo ènìyàn. Bí ẹni pé ọjà ló lọ. Ọ̀rọ̀ kejì yẹn kò gba ẹnu mi jáde rí, àní lójú oórì. Èyí jáde, mo sì gbọ́ ọ dáadáa, mo gbọ́ ọ ju ariwo mọ́tò lọ.

Obìnrin náà fi ọwọ́ lé àyà. Ó ní, "Ọlọ́run á forí jìn wọ́n. Wọn kì í fi eruku kún àpò fún ènìyàn." Mo ní àmín. Ojú ń tì í, ó wá bi mí bóyá mo mọ ibòmíràn tí òun ti lè rí èédú. Mo júwe ọ̀nà Alápẹ̀rẹ̀ fún un, ó dúpẹ́, ó lọ.

Mo sunkún níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, àwọn ènìyàn ń kọjá, Loveth yọjú, ó tún padà. Mi ò bo ojú mi.

O bi mí bóyá kí o wá. Máa bọ̀.

Bàbá rẹ,
Sùrájù